Ẹrù Tí Ń Bẹ Lọ́kàn Akọ̀wé Báńkì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dé báńkì, tí akọ̀wé tí ó wà lẹ́yìn káńtà bá kanra mọ́ wa, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni pé, ‘Ọmọ yìí kò ní ẹ̀kọ́ ilé.’ Èrò tèmi ni pé kí a wo ẹrù ọkàn rẹ̀ kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Èkíní ni ìbẹ̀rù. Owó olówó ni ó ń kà láti òwúrọ̀. Bí owó kò bá bá ìwé mu ní ìrọ̀lẹ́, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bi. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kò lè yára.

Èkejì ni ọ̀yàyà àfipáṣe. Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1983 pé iṣẹ́ gidi ni kí ènìyàn máa pa ìbínú mọ́ra, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín nítorí owó oṣù.

Ẹ̀kẹta, tí mo kà sí olórí gbogbo wọn, ni àìláṣẹ. Robert Karasek sọ ní ọdún 1979 pé ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀, tí òṣìṣẹ́ kò sì ní àṣẹ lórí bí yóò ti ṣe é, ni ọkàn ti ń dààmú jù. A rí i ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1,000, tí owó tuntun kò sì tó. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́ títí di òpin ọdún; síbẹ̀ ó di ọjọ́ 13 kí Báńkì Àpapọ̀ tó kéde pé kí àwọn báńkì tẹ̀lé ìdájọ́ náà. Akọ̀wé kò tẹ owó, kò sì ṣòfin, ṣùgbọ́n òun ni àwọn oníbàárà ń bú. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀.

Kí ni ṣíṣe? Kí àwọn ọ̀gá báńkì jẹ́ kí akọ̀wé lè sọ òtítọ́ fún oníbàárà, kí wọ́n sì máa jáde síta fúnra wọn nígbà tí wàhálà bá dé. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ọkàn tí ó balẹ̀ ni ó lè ka owó wa pé.