Ìbọn Bàbá, Ìwé Ọmọ

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Pọ́bẹ̀, tí koríko etí ọ̀nà Kétu gbẹ, tí àwọn ọdẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí nu ìbọn wọn, ìbéèrè kan a máa wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́: irú ìwé àṣẹ wo ni ó yẹ kí ènìyàn gbà? Àwọn tí ó ń béèrè kì í ṣe ọ̀daràn. Òmíràn jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kú, tí ó fi ṣakabùlà kan sílẹ̀ ní igun yàrá. Òmíràn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fẹ́ ra ìbọn calibre 12 nítorí pé ọ̀yà ń jẹ àgbàdo rẹ̀ run. Ìdáhùn tí à ń gbọ́ lábẹ́ igi kò bára mu, ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síhìn-ín.

Ìwé méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Benin, Ministère de l'Intérieur ni ó ni ọ̀rọ̀ ìwé ìbọn. Àwọn aṣọ́gbó, ìyẹn Eaux et Forêts, ni ó ni ọ̀rọ̀ permis de chasse, lábẹ́ òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 lórí ẹranko ìgbẹ́. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì. Ẹni tí ìwé ìbọn rẹ̀ pé, tí ó sì pa ẹtu láìní permis, ti rú òfin. Ẹni tí ó ní permis ṣùgbọ́n tí ìbọn rẹ̀ kò ní ìwé kò sàn jù ú lọ. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà lọ́wọ́ àwọn tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní jàndáàmù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2018 ni wọ́n ti di Police Républicaine.

Ọ̀rọ̀ ogún ni ó le jù. Nínú àṣà wa, ìbọn a máa bá ìran lọ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sun ìrèmọ̀jé, wọn a ṣípà rẹ̀, ìbọn rẹ̀ a sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tí ó láyà jù. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kan ni ó wà lórí ìwé, ẹni náà sì ti kú. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, tí ó di òfin láàárín wọn ní ọdún 2009, kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ogún bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìbọn tó ọjọ́ orí, kí ó má ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, kí ó kọ́ bí a ti ń lò ó láìfarapa, kí ó fi ìbọn sí ibi tí ó láàbò, kí ọta sì wà ní ibòmíràn. Ó kéré tán, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí àṣẹ tó jáde, àṣẹ náà sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìparí. Lékè gbogbo rẹ̀, ó béèrè ìdí: kí ni o fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni a fi ń mọ ìsọ̀rí tí ó yẹ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa, nítorí òfin wọn ni àwọn ọmọ wa sábà máa ń kà tí wọ́n sì ń rò pé tiwa ni. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkínní ni èyí tí a kà léèwọ̀: ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́ àti irú wọn. Èkejì ni ìbọn ọdẹ òde òní tí a ń fi ọwọ́ kì, àti ìbọn eré ìdárayá. Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí à ń ti ẹnu rẹ̀ kì ẹ̀tù sí, òfin náà sì dárúkọ ṣakabùlà ní tààrà. Ní Faransé, ìsọ̀rí mẹ́rin ni ó wà, A títí dé D, a sì tún wọn tò ní ọdún 2018. Ọdẹ tí ó ní permis ń ra ti C, ó sì ń kéde rẹ̀ fún ìjọba. Ìbọn ìléwọ́ wà ní B. Ẹni tí ó ń ta ìbọn ní ìdíje lábẹ́ Fédération française de tir lè gba àṣẹ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n permis ọdẹ nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn náà.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu nìyí: ìbọn àtijọ́ tí à ń ti ẹnu kì, tí ó ṣáájú ọdún 1900, wà ní D ní Faransé, àgbàlagbà sì lè ní in láìgba àṣẹ. Ní Nàìjíríà, ìwé ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ohun tí ìbátan rẹ̀ ní Paris sọ fún un lórí tẹlifóònù gẹ́gẹ́ bí òfin Pọ́bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Nàìjíríà kì í kọjá ẹnubodè. Láti ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ti fa ìlà náà gba àárín wa. Ìgalà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó lé e láti Ìlàrá bọ́ sí Kétu gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní ojú tiwa, àgbẹ̀ tí ọ̀yà àti ehoro nìkan ń dà láàmú kò nílò ju ṣakabùlà bàbá rẹ̀ lọ, bí ó bá ti sọ ọ́ di ti orúkọ ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé òjò a máa ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́, ojú ìbọn tí ìpẹtà ti jẹ a sì máa bẹ́ lójú ẹni. Kí alágbẹ̀dẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Calibre 12 yẹ ẹni tí ó ń ṣọdẹ ní tòótọ́, tí ó sì ṣe tán láti san owó permis lọ́dọọdún. Ìbọn ìléwọ́ kò yẹ ọdẹ kankan.

Kò sì sí ìsọ̀rí tí ó ń fúnni ní òru. Láti ìgbà àdéhùn Algiers ti ọdún 1968 ni a ti ní kí àwọn ìjọba Áfíríkà ka ìdẹ òru àti fífi iná sun igbó lé ẹran léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ àtùpà orí àti iná ọyẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọdẹ wa fi ń jẹun. A kò tíì rí ẹni tí ó jókòó pẹ̀lú àwọn Olúọdẹ láti bá wọn sọ ọ́ bí àgbà ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ó ku ti àwọn alágbẹ̀dẹ. Àdéhùn ọdún 2006 kan náà ní kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ń rọ ìbọn sínú ìwé, kí àmì sì wà lára ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ṣakabùlà tuntun, kí ó kọ́kọ́ wá àmì náà lára irin rẹ̀ kó tó sanwó. Bí kò bá sí, kí ó dá a padà fún ẹni tí ó rọ ọ́.