Wákàtí Mélòó ni Èkó sí Àbújá?

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́ta léèrè bí Àbújá ti jìnnà sí Èkó tó, ìdáhùn wọn lè yàtọ̀ síra, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Awakọ̀ akérò yóò ní ó ju 700 kìlómítà lọ. Ẹni tí ó fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí àwòrán ilẹ̀ yóò ní nǹkan bí 510 kìlómítà ni. Ẹni tí ó ń wọ bàálù yóò ní wákàtí kan péré ni. Ìdáhùn kẹta yìí ni ó máa ń tan arìnrìn-àjò jẹ jù lọ.

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé ti Nnamdi Azikiwe ní Àbújá ni 510 kìlómítà náà, bí ẹyẹ bá fò ní tààrà. Ọ̀nà ilẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń yà sí ìlú dé ìlú, ó sì ní láti wá afárá tí yóò gbà sọdá odò Ọya nítòsí Lọ́kọ́ja.

Bàálù jẹ́ẹ̀tì lè sá tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ó bá gòkè tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi 800 pín 510 yóò rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 38 ni ó yẹ kí ìrìn náà gbà. Èé ṣe, nígbà náà, tí ó fi ń gba wákàtí kan ó lé díẹ̀? Ìdí ni pé jẹ́ẹ́jẹ́ ni bàálù ń rìn lórí ilẹ̀ kí ó tó gbéra, eré rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń gòkè tàbí tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ó sì lè dúró de àyè kí ó tó balẹ̀.

Síbẹ̀, ìrìn àjò kò bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀, kò sì parí síbẹ̀. Kí a mú olùkọ́ kan tí ń gbé ní Lẹ́kkí, tí wọ́n pè fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ní Àbújá ní agogo 2 ọ̀sán. Bí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ bá gba wákàtí 2 kí ó tó dé Ìkẹjà, tí yíyẹ ìwé àti ẹrù wò pẹ̀lú ìdúró gba wákàtí 1 ààbọ̀, tí bàálù gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 10, tí gbígba ẹrù gba ìṣẹ́jú 30, tí nǹkan bí 40 kìlómítà láti pápákọ̀ dé àárín ìlú Àbújá sì gba wákàtí 1, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 10. Ti inú bàálù kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé "wákàtí kan péré", tí ó fi ilé sílẹ̀ ní agogo 10 òwúrọ̀, agogo 4 á ti kọjá kí ó tó dé.

Ìṣirò yìí pàápàá dúró lórí pé ojú ọjọ́ mọ́, pé ọ̀nà sì ṣí. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku a máa bo òfurufú tó bẹ́ẹ̀ tí bàálù kò fi ní lè gbéra títí ojú ọjọ́ yóò fi là. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, kí wọ́n lè tún ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí bàálù ń bà lé níbẹ̀ ṣe. Kàdúná ni àwọn bàálù ń balẹ̀ sí, àwọn èrò sì ń fi mọ́tò tàbí ọkọ̀ ojú irin parí ìrìn wọn.

Olùkọ́ ìṣirò lè fi ọ̀ràn yìí ṣe ẹ̀kọ́: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣírò eré bàálù, kí wọ́n sì ro àkókò ìyókù pọ̀ mọ́ ọn, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibi tí à ń lọ. Ẹni tí ó bá sì ní ọ̀ràn pàtàkì ní Àbújá, ì báà ṣe ìdánwò, ẹjọ́ tàbí ìtọ́jú àìsàn, ọjọ́ tí ó ṣáájú ni kí ó ti gbéra.