Ẹnjiníà Ráútà àti Ohùn Tí Kì Í Dé

Ní Ìlaròó, ní Ayétòrò àti káàkiri ilẹ̀ Yewa, ẹnjiníà ráútà ti di ẹni tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ò lè ṣe láìsí. Àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston a ra nọ́ńbà ìlú tí wọ́n wà, wọn a fi àdápútà íntánẹ́ẹ̀tì so ó mọ́ tẹlifóònù orí tábìlì ìyá wọn nílé, kí ìpè sílé lè dà bí ìpè àdúgbò. Bí ohùn bá kọ̀ tí kò dé, ẹnjiníà ni wọn yóò ránṣẹ́ sí, ohun tí wọ́n sì ń retí ni pé kó ṣí ráútà, kó tẹ nǹkan kan níbẹ̀, kó gbowó. Ìrètí yìí gan-an ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń sanwó pé kí ó tún ṣe kò sí nínú ilé rárá, iṣẹ́ tó sì yẹ ká máa sanwó fún ni kí ó fi ẹ̀rí hàn wá ibi tí àléébù wà, kó tó yí ohunkóhun padà.

Ẹ wo àìsàn tó wọ́pọ̀ jù: fóònù dún, wọ́n gbé e, ẹnìkan ń gbọ́, ẹnìkejì kò gbọ́ nǹkan kan. Onílé á ní dátà ló kéré, bẹ́ẹ̀ ìpè kan kì í jẹ ju nǹkan bíi kílóbíìtì 90 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìkésíni àti ohùn kì í gba ọ̀nà kan náà. Ìlànà SIP, tí ẹ̀dà rẹ̀ tí à ń lò jáde ní 2002, ló ń gbé ìkésíni, ó sì sábà máa ń gba pọ́ọ̀tì 5060; ohùn ń gba pọ́ọ̀tì mìíràn. Nínú ìkésíni yẹn ni àdápútà ti máa ń kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀, tí í ṣe 192.168 kan tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ògiri ilé. Ìhà kejì á darí ohùn síbẹ̀, ohùn á sì ṣègbé. Ọ̀pọ̀ ráútà ní SIP ALG, tí wọ́n ṣe pé kó máa tún àdírẹ́sì náà kọ, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń dá kún wàhálà ni. Ẹnjiníà tó bá kọ́kọ́ pa á kò jẹ̀bi.

Lẹ́yìn èyí ni ìjà bẹ̀rẹ̀, nítorí bí pípa ALG kò bá yanjú rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ń ṣe ni kí wọ́n ṣí gbogbo pọ́ọ̀tì sílẹ̀, kí wọ́n sì fi àdápútà sí DMZ, ibi tí ráútà kò ti dáàbò bò ó mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, èyí kò lè ṣiṣẹ́, nítorí ilé náà kò ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì IPv4 kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin lé díẹ̀ lọ ní gbogbo ayé, àpò gbogbogbòò rẹ̀ sì gbẹ ní oṣù kejì 2011. Ní 2012 ni wọ́n ya àdírẹ́sì 100.64 títí dé 100.127 sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Àwọn iléeṣẹ́ alágbèéká ń kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Starlink, tó dé Nàìjíríà ní 2023, ń ṣe é pẹ̀lú fún oníbàárà ilé. Ṣíṣí pọ́ọ̀tì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ dà bí ṣíṣí ilẹ̀kùn yàrá nígbà tí géètì agboolé wà ní títì, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Níbi tí ilé bá sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lóòótọ́, ewu ni: àwọn ẹ̀rọ olè ń wá pọ́ọ̀tì 5060 kiri tọ̀sán-tòru, wọn a sì fi àdápútà tí wọn ò yí páṣíwọọ̀dù rẹ̀ padà pe orílẹ̀-èdè tí ìpè wọ́n sí, kí gbèsè bọ́ sọ́rùn onílé. Àṣà kan náà, ní ilé kan kò wúlò, ní ilé kejì ó léwu. Bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò tó lè ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ: kí ó ka àdírẹ́sì tí ráútà ní òun gbà, kó fi wé èyí tí ìta ń rí. Bí méjèèjì kò bá bá ara mu, kó má fọwọ́ kan pọ́ọ̀tì.

Wọ́n lè sọ pé ilé náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, pàápàá ní ẹnubodè. Òótọ́ ni. Ní Ìdí-Ìrókò, Ìpókíá àti Ìmẹ̀kọ, ráútà onísíìmù tí wọ́n fi sílẹ̀ pé kó máa yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ lè gbá òpó orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ mú, dátà á dúró, àdápútà á sì já kúrò lórí ìlà. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lé lórí ní 1889 kò pín ẹbí níyà, nítorí náà ìpè sí Kétu àti Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ pọ̀ ní agbègbè yìí. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní dígíìtì mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, 01 ló sì ṣáájú rẹ̀. Àdápútà tí ètò ìpè inú rẹ̀ ṣì ń ka mẹ́jọ yóò gé nọ́ńbà náà kó tó pé. Ìlà kan ṣoṣo ni wọn yóò tún kọ. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló ń fi irú àléébù báyìí hàn, kì í ṣe rísẹ́ẹ̀tì, tí í máa nu gbogbo ohun tí wọ́n ti tò síbẹ̀ kúrò. Rísẹ́ẹ̀tì lè dà bí ìwòsàn, torí pé ìsopọ̀ tuntun á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnjiníà á gba ìyìn, àìsàn á sì padà.

Àwọn mìíràn á ní WhatsApp ti gba iṣẹ́ àdápútà, kí ni ká tún ṣe wàhálà sí? WhatsApp ń já gaara nítorí pé bí ọ̀nà tààrà bá dí, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà ló ń gba ohùn lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń fún ẹnìkejì. Olùpèsè nọ́ńbà àdápútà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí sáfà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń ṣe é. Nítorí náà, bí àdírẹ́sì bá jẹ́ ti àjọlò, ohun tó kù fún ẹnjiníà nínú ilé ni kí ó tan ìránṣẹ́ kéékèèké tó ń jẹ́ kí ọ̀nà wà ní ṣíṣí, kí ìpè tó ń wọlé lè rí ibi gbà. Yàtọ̀ sí èyí, kó kọ̀wé sí olùpèsè: wákàtí tí ìpè wọlé, àdírẹ́sì méjèèjì, ìhà tí wọn ò ti gbọ́ ohùn. Owó ìwé yẹn ló yẹ kí onílé san láìjanpata.