Àká Àgbàdo: Iṣẹ́ Tí Ìdílé Àgbẹ̀ Lè Fi Ọwọ́ Ara Wọn Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àtúnṣe kò lè bá oko ìdílé àfi bí a bá yá owó tí a sì gba oníṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn àtúnṣe kan wà tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ lè fi àdá, ayùn àti okùn ṣe parí. Àká àgbàdo jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbàdo tí a gbìn ní àkọ́rọ̀ òjò a máa gbó ní oṣù keje sí ìkẹjọ, nígbà tí òjò kò tíì dá. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ya á, omi inú hóró rẹ̀ lè tó ìdá 25 sí 30 nínú 100. Omi náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bí 13 kí àgbàdo tó ṣe é fi pamọ́ pẹ́. Àwọn baba wa a máa so ó rọ̀ sókè ààrò: ooru iná a gbẹ ẹ́, èéfín a sì lé kòkòrò. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n òkè ààrò kan kò lè gba ìkórè oko ńlá. Èyí tí ó kù ni a ń kó jọ sí igun iyàrá, tí yóò gbóná, tí yóò sì bu.

Àgbàdo tí ó bu kì í ṣe ọ̀ràn àìdára ojú nìkan. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti bu. Májèlé tí a rí nínú rẹ̀ ni a ń pè ní aflatoxin. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́. Sísè tàbí dídín kò sì lè pa á run tán.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé àgbẹ̀ a fẹ́ kí àká òun fẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970 fi hàn pé, níbi tí òjò ti pọ̀, ìbú àká kò yẹ kí ó ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 2. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbẹ àgbàdo nínú àká. Bí àká bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò ní dé àárín. Ẹni tí ìkórè rẹ̀ pọ̀, kí ó fa àká rẹ̀ gùn. Kí ó má ṣe fẹ̀ ẹ́.

Òpó igi líle ni a ó rì mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀ àká yóò sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ọparun ni a ó fi ṣe ògiri, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òjò ti ń fẹ́ wá. Ẹ̀gbẹ́ gígùn àká ni kí ó kọ ojú sí i. Kí etí òrùlé yọ síta dáadáa. A ó gé páànù ògbólógbòó yí òpó kọ̀ọ̀kan ká bí akẹtẹ̀, kí eku má baà gùn ún. A ó sì ro àyíká rẹ̀ mọ́.

Kí a tó kó àgbàdo sí i, a ó bó o, nítorí èèpo a máa dá omi dúró. Bí ó bá pẹ́, tí ó dà bí ẹni pé ó ti gbẹ, iyọ̀ ni a ó fi dán an wò. A ó da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ àti hóró àgbàdo sínú ìgò gbígbẹ, a ó sì mì í. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo kò tíì gbẹ. Bí kò bá lẹ̀, a lè yín in, kí a sì dé e pa sínú dúróòmù.

Èrè rẹ̀ hàn gbangba. Ẹni tí àgbàdo rẹ̀ tutù kò lè dúró de ọjà. Iyekíye tí oníbàárà bá dá ní ọ̀sẹ̀ ìkórè ni yóò gbà. Ẹni tí tirẹ̀ gbẹ lè dúró títí ọ̀wọ́n yóò fi dé, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ oúnjẹ tí kò ní májèlé. Bí olùkọ́ bá lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ irú àká yìí kan sí oko ilé-ẹ̀kọ́, wọn yóò gbé ẹ̀kọ́ náà dé oko àwọn òbí wọn.