Kírísítálì Tí Kò Tètè Gbàgbé

ATỌ́KÙN: Ọ̀rọ̀ wa òní dá lé kírísítálì àti mànàmáná. A mọ̀ pé quartz wà nínú òkúta Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀gá, ǹjẹ́ òun náà ní ìfàsẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hysteresis?

OLÙKỌ́: Rárá o. Lóòótọ́, ní 1880, Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi hàn pé quartz a máa mú mànàmáná jáde bí a bá fún un pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi quartz sáàárín irin pẹlẹbẹ méjì, tí a so bátìrì mọ́ wọn, tí a sì tún mú agbára náà kúrò, ohunkóhun kì í ṣẹ́kù sí i lára. Àwọn kírísítálì ferroelectric ni ohun ń ṣẹ́kù sí lára. Joseph Valasek ni ó kọ́kọ́ rí èyí, lára iyọ̀ Rochelle, ní Amẹ́ríkà ní 1920.

ATỌ́KÙN: Kí ni ó fà á?

OLÙKỌ́: Ẹ jẹ́ kí a mú barium titanate. Átọ́ọ̀mù titanium inú rẹ̀ kì í dúró láàárín gbùngbùn. Ó máa ń sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìhà kan a ní àmì àròpọ̀, ìhà kejì a ní àmì àyọkúrò. Àwọn tí wọ́n kọjú síbì kan náà a kóra jọ bí agbo-ilé. Ṣùgbọ́n agbo-ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó kọjú sí, nítorí náà wọ́n ń pa ara wọn rẹ́.

Ipá tí ó wà láàárín irin méjì yẹn ni à ń pè ní pápá mànàmáná. Bí ó bá kéré, àwọn átọ́ọ̀mù kàn ń mì díẹ̀, wọn a sì padà sí ààyè wọn. Bí ó bá lágbára, agbo-ilé tí ó kọjú sí ọ̀nà rẹ̀ a máa gba ilẹ̀ àwọn yòókù, títí gbogbo wọn yóò fi kọjú síbì kan. Bí a bá wá dín pápá náà kù di òdo, púpọ̀ nínú wọn kì í padà. Àfi kí a yí pápá náà sí òdìkejì, kí ó sì lágbára tó ìwọ̀n kan, kí èyí tí ó ṣẹ́kù tó parẹ́.

ATỌ́KÙN: Ìyẹn ni pé nígbà tí pápá bá jẹ́ òdo, ìdáhùn lè jẹ́ méjì?

OLÙKỌ́: Ibẹ̀ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Kò tó kí a béèrè bí pápá ti pọ̀ tó. A ní láti béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ìlà náà kì í fi gba ọ̀nà tí ó bá lọ padà. Ṣe ni ó ń yípo bí ọ̀já tí a so lórí kò. Ààyè inú rẹ̀ ni agbára tí ó ń di ooru ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ń yí pápá padà kíákíá, ìyípo náà a máa fẹ̀ sí i, nítorí pé agbo-ilé ń fẹ́ àkókò láti yí. Bí ooru barium titanate bá sì kọjá nǹkan bí 120°C, ìyípo náà a pòórá.

ATỌ́KÙN: Kí ni èrè rẹ̀ fún wa?

OLÙKỌ́: Ìhà kan lè dúró fún 0, ìhà kejì fún 1. Bí iná bá lọ, àkọsílẹ̀ náà kò ní parẹ́. Irú ohun èlò ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn ẹ̀rọ kan lónìí. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ya ìyípo yìí sójú pátákó, ẹ má gbàgbé láti fi ọfà sí i. Láìsí ọfà, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mọ ibi tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀.