Òórùn Kọ́ Ni Oògùn: Òróró Páìnì Tó Wà Nínú Ìgò Dettol

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, kò sí kíláàsì kan nílé ìwé yìí tí wọn ò mọ òórùn Dettol. Bí àwọn tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ti ṣe tán, tí òórùn yẹn bá ti gba gbogbo ibẹ̀, kálukú á ní, "Ó ti mọ́." Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé òórùn yẹn gan-an ló ń pa kòkòrò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Igi páìnì ló ni òórùn náà. Ẹ má tíì máa wo igi tó máa ń súfèé létí pápá ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé o! Páìnì ni àwọn èèyàn ń pè é, àmọ́ Casuarina lorúkọ rẹ̀, kò sì bá páìnì tan. Ẹ já ohun tó dà bí ewé abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, kí ẹ fà á: á máa yọ ní oríkèé-oríkèé. Ewé páìnì gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ á kù sí yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá sá igi rẹ̀, oje tó lẹ̀ bí àtè á jáde. Lórílẹ̀-èdè wa, òkè Jos àti Mambilla wà lára ibi tí wọ́n gbin irú kan sí, èyí tó wá láti agbègbè Karíbíà.

Bí wọ́n ṣe ń yọ òróró rẹ̀ kò ṣòro. Wọ́n á gé kùkùté igi náà wẹ́wẹ́, wọ́n á jẹ́ kí oruku omi gbígbóná gba àárín rẹ̀ kọjá. Oruku yẹn á gbé òróró dání. Tó bá tutù tó padà di omi, òróró á léfòó sókè. Lóde òní, inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ara tapẹntáìnì, èyí tí àwọn kunlékunlé fi ń po ọ̀dà, tó sì jẹ́ pé ara páìnì kan náà ló ti wá. Òróró yìí máa ń ká ọ̀rá kúrò lára nǹkan, ó ń gbiná, ó sì ń pa àwọn kòkòrò kan, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó nǹkan tí omi bá ti pọ̀ jù ú lọ.

Nínú Dettol, oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an ni chloroxylenol, gíráàmù 4.8 nínú mílílítà 100. Kò fẹ́ràn láti yòrò nínú omi. Òróró páìnì, ọṣẹ àti ọtí ló ń bá a gbé e dúró nínú ìgò. Ní bíi 1933 ni dókítà Leonard Colebrook ń lo Dettol ní ilé ìwòsàn Queen Charlotte's ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ọwọ́ àwọn agbẹ̀bí má bàa kó ibà tó ń pa ìyá ọlọ́mọ ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Kí ló dé tó fi ń di funfun nínú omi? Mo kán an sínú ife omi, mo sì wò ó dáadáa. Ọtí tó di òróró mú ti fọ́n ká nínú omi, kò lè dì í mú mọ́, ni òróró bá tú jáde ní ẹ̀kán tín-ín-tín-ín tí ojú ò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ wá ń ta lára wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí mílíìkì náà ṣe funfun nìyẹn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Lọ́jà, èèyàn á kán an sómi, á ní, "Ó funfun, ojúlówó ni." Rárá o! Òróró páìnì àti ọṣẹ nìkan lè funfun, kó sì ta sánsán, láìsí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC àti ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí.

Ẹ má dà á sójú egbò láìlà á. Ìdérí kan sí ogún ìdérí omi ni. Àìlà á kì í mú egbò yá jinná, ara ló ń bó.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ládùúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́ta kan gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ mu. Ìyá àgbà kan ti gbé epo pupa wá kí ọmọ lè bì. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé nítòsí sáré dé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un!" Ó ní tí ọmọ bá bì, òróró lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pani. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́ kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Ọmọ náà wà láàyè, ó ń sáré kiri.

Ẹ̀yin tó ní ológbò nílé, ẹ fọ omi rẹ̀ kúrò nílẹ̀ dáadáa. Ológbò máa ń lá ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè fọ́ irú oògùn yìí.

Ẹ̀yin tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, kẹ́ ẹ fomi ṣàn án, kí Dettol tó tẹ̀ lé e. Ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára oògùn náà. Tẹ́ ẹ bá dà á lé ìdọ̀tí lórí, òórùn rẹ̀ nìkan lẹ ó gbọ́.