Ìfiwéra Ìpíndọ́gba Ẹgbẹ́ Méjì Tí Ìfọ́nká Wọn Kò Dọ́gba

Ìdánwò t, tí àwọn olùṣèwádìí fi ń mọ̀ bóyá ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ méjì yàtọ̀ síra ní tòótọ́, sinmi lé iṣẹ́ tí W. S. Gosset, òṣìṣẹ́ ilé-ìpọntí Guinness ní Dublin, tẹ̀ jáde ní 1908 lábẹ́ orúkọ ‘Student’. Ìdánwò náà gbà pé ìfọ́nká, èyí tí í ṣe òdiwọ̀n bí iye kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó, dọ́gba nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà ni ó ṣe ń da ìfọ́nká méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan.

Kí a sọ pé àgbẹ̀ kan gbin àgbàdo titun sí ìpín ilẹ̀ 6, ó sì gbin ti àtijọ́ sí 30. Ìpíndọ́gba ti titun fi kílò 6 ju ti àtijọ́ lọ. Ìfọ́nká ti titun jẹ́ 90, ti àtijọ́ jẹ́ 10. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, ìpín 30 náà yóò fa èsì sọ́dọ̀ ara wọn: ìfọ́nká àpapọ̀ yóò jẹ́ 21.8, t yóò sì jẹ́ 2.88, ó ju ààlà 2.03 lọ. Àgbẹ̀ yóò da irúgbìn àtijọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpín ilẹ̀ 6 péré, tí èso wọn ṣe ségesège, ni gbogbo ẹ̀rí nípa ti titun ti wá!

Behrens ti gbé ìṣòro yìí yẹ̀ wò ní 1929, Fisher sì tẹ̀ lé e ní 1935, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn fa àríyànjiyàn. Ọ̀nà tí B. L. Welch là sílẹ̀ ní 1938 àti 1947 ni ó rọrùn jù lọ. Iye ìpín ilẹ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó fi ń pín ìfọ́nká ẹgbẹ́ náà: 90 lọ́nà 6 jẹ́ 15, 10 lọ́nà 30 jẹ́ 0.33. Nípa èyí, t wálẹ̀ sí 1.53. Ìwọ̀n òmìnira náà já láti 34 sí nǹkan bí 5, ààlà sì gòkè sí 2.57. Ẹ̀rí kò tó.

Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá ni ó fọ́n ká jù, ìdánwò àtijọ́ yóò bo ìyàtọ̀ tòótọ́ mọ́lẹ̀. Níbi tí iye ẹgbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, ewu rẹ̀ kéré.

Àwọn kan a máa kọ́kọ́ dán ìfọ́nká wò kí wọ́n tó yan ìdánwò. Àṣà yìí kò dára tó, nítorí pé níbi tí iye bá kéré, tí ewu sì pọ̀, ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í tètè rí àìdọ́gba. Ó sàn kí olùṣèwádìí lo ti Welch láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ètò kọ̀ǹpútà R ti ń ṣe bí a kò bá pa á láṣẹ mìíràn.